Ẹran àgùntàn tó pẹ́ lórí iná: ṣé oore ṣì kù nínú ẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo ń gbé, màmá mi tí wọ́n ti lé ní 70 ọdún ń gbé lọ́dọ̀ wa. Eyín ti dín lẹ́nu wọn, ẹran tó bá ti yi díẹ̀ báyìí, wọ́n á kàn fa omi ẹ̀ mu, wọ́n á tu ìyókù. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ejìká àgùntàn, tí mò ń sè é lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ni wọ́n tó ń jẹ ẹran padà. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé ẹran tó bá pẹ́ tó yẹn lórí iná, ìyàngbò lásán ló kù, pé gbogbo fítámì inú ẹ̀ ti lọ. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n máa bá a lọ ni àbí kí n padà sí adìẹ? Omi ẹ̀ ńkọ́, ọ̀rá ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ máa bá ejìká àgùntàn yín lọ, ẹ má torí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ, torí iná máa ń mú nǹkan kúrò lára ẹran lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kúrò yẹn ò lọ síbì kankan, inú omi ẹran tó wà nínú ìkòkò kan náà ló wà. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ jàre. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe sí omi ẹ̀, sí ọ̀rá ẹ̀, àti iyọ̀ tẹ́ ẹ bá dà sí i, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀ díẹ̀, torí ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ gan-an lẹ́nu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àgàgà àwọn tó ń tọ́jú òbí.

Ẹ wo ejìká àgùntàn yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ìkòkò. Ẹ máa rí àwọn nǹkan funfun kan tó ń dán, tó la àárín ẹran kọjá, tó so ẹran mọ́ra àti mọ́ egungun, ọ̀bẹ ò fẹ́ gé e bọ̀rọ̀. Kọ́lájìn ni wọ́n ń pè é. Ejìká, ọrùn àti ojúgun ló ti pọ̀ jù, torí àwọn ibẹ̀ ni ẹran fi ń rìn, tó fi ń tẹ orí ba jẹko látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí iná bá kọ́kọ́ wọ ẹran lára, ní nǹkan bíi 60°C sí 70°C, ńṣe ni ẹran á sún kì, á fún omi ara ẹ̀ jáde, á wá le. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bínú, wọ́n ti sè é fún bíi wákàtí kan, wọ́n fi fọ́ọ̀kì gún un, ó yi bíi rọ́bà, wọ́n á ní alápatà ti ta ẹran àgbà fáwọn, wọ́n á wá yí iná sókè gidi kó lè tètè jinná, èyí ló sì ń bà á jẹ́ jù, torí ẹran á gbẹ kí nǹkan funfun yẹn tó ráyè yọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù kọjá ibẹ̀, tí ooru ìkòkò dúró sí nǹkan bíi 80°C sí 95°C tí omi sì wà níbẹ̀, kọ́lájìn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀, á di jẹ́látìn, òun ló ń jẹ́ kí omi ẹran ki kó sì máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹran fúnra ẹ̀ ti sọ omi nù lóòótọ́, àmọ́ jẹ́látìn á wọ àárín fọ́nrán ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ̀ lẹ́nu màmá, tó dà bíi pé omi kún inú ẹ̀. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ bóyá iná yín dáa, ẹ ṣí ìdérí wò ó, kí omi máa ta sókè níbí lẹ́ẹ̀kan, kó tún ta lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti ń hó yeeye ẹ dín iná kù. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tó fún ejìká. Tó bá jẹ́ inú ófùn lẹ ti ń ṣe é, ẹ dé ìkòkò pa, ẹ fi ófùn sí 150°C tàbí 160°C, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta náà ni. Slow cooker, ìyẹn ìkòkò iná mànàmáná tó ń se nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́, á gbà tó wákàtí mẹ́jọ tẹ́ ẹ bá fi sí low. Tí owó gáàsì àti iná mànàmáná bá ń dun yín, àwa náà mọ bó ṣe rí, pressure pot á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 40 sí 50 torí ooru inú ẹ̀ ń lọ sí bíi 120°C, ẹ má sì bẹ̀rù pé ìyẹn á pa fítámì ju tàwọn tó kù lọ, ooru ẹ̀ ga àmọ́ kì í pẹ́.

Ká wá sórí oore ẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú purotéènì. Iná kì í lé purotéènì kúrò nínú ẹran, ó kàn ń tú bó ṣe lọ́ mọ́ra ni, ikùn wa ṣì máa tú u sí i tó bá débẹ̀. Kódà tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n, 100g ejìká tó ti jinná báyìí, tẹ́ ẹ ti yọ ọ̀rá kúrò lára ẹ̀, á ní purotéènì tó tó nǹkan bíi 35g, ó ju ti 100g ẹran tútù lọ dáadáa, torí omi ti kúrò níbẹ̀, ẹran wá ṣù jọ. Ojúgun náà ò jìnnà sí i, bíi 30g. 100g yẹn ò sì ju ẹran gígé mẹ́ta tó mọ níwọ̀n lọ. Ẹ wá wò ó, àgbàlagbà tó ti lé ní 65 ọdún nílò purotéènì bíi 1g sí 1.2g fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ẹni tó bá wọn 60kg nílò 60g sí 72g lójúmọ́, torí iṣan ara àgbà tètè máa ń jó rẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni àìlókun ẹsẹ̀ àti ìṣubú ti ń wá. Àwọn ìyá wa, ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n á mu ògì láàárọ̀, wọ́n á jẹ àmàlà díẹ̀ lálẹ́, ẹran inú abọ́ wọn wọ́n á gbé e fún ọmọọmọ. Tí wọ́n bá wá rí ẹran tó rọ̀ tí wọ́n ń jẹ fúnra wọn tí wọ́n sì ń gbé e mì, nǹkan ńlá nìyẹn, mi ò sọ àsọdùn rárá.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ níbẹ̀: àwọn kan máa ń fún àgbà ní omi ẹran nìkan, wọ́n á ní gbogbo agbára ẹran ti wà nínú ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́látìn inú omi ẹran, purotéènì ni lóòótọ́, àmọ́ kò pé, ó ku èròjà kan tó ń jẹ́ tryptophan tí kò sí nínú ẹ̀ rárá, ara wa ò sì lè dá a ṣe. Nítorí náà omi ẹran pẹ̀lú ẹran ni kí wọ́n máa jẹ, omi ò lè dípò ẹran.

Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, àti síńkì tí ara fi ń wo ojú egbò sàn tó sì fi ń bá àìsàn jà, ooru ò lè pa àwọn ìyẹn, wọn kì í jóná, wọ́n kàn lè kúrò nínú ẹran bọ́ sínú omi ni. 100g ojúgun àgùntàn tó jinná ní síńkì bíi 7mg sí 8mg, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí obìnrin àgbà nílò lóòjọ́. Áyọ́ọ̀nù ẹ̀ jẹ́ bíi 2mg, ẹ lè wò ó pé kò pọ̀, àmọ́ irú èyí tó wà nínú ẹran pupa, ara máa ń gbà á ju ti inú ẹ̀fọ́ lọ fíìfíì, tẹ́ ẹ bá sì jẹ ẹran yẹn pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ó máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba ti ẹ̀fọ́ náà sí i. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tàbí spinach tẹ́ ẹ ń rí rà níbẹ̀ pẹ̀lú ata rodo àti tàtàṣé tútù díẹ̀ tó ní fítámì C, kí ẹran mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ tún ń wá. Tíì kí wọ́n fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, torí ó máa ń dí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ lọ́nà.

Fítámì B12 ló kan màmá gbọ̀ngbọ̀n, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. 100g ẹran àgùntàn tó jinná ní bíi 2 máíkírógíráàmù lé díẹ̀, ohun tí àgbàlagbà sì nílò lóòjọ́ ò ju 1.5 lọ níbi ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2.4 níbi ti Amẹ́ríkà. Fítámì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù iná. Metformin tí wọ́n ń lo ńkọ́? Tó bá ti pẹ́ tí èèyàn ti ń lò ó, ó máa ń jẹ́ kí ikùn má fi bẹ́ẹ̀ gba B12 mọ́, ọjọ́ orí náà sì ń dá kún un torí omi kíkan inú ikùn ti dín kù. Ẹsẹ̀ á máa ta ṣìnṣìn, á kú tipiri, ó á máa rẹ èèyàn, ìgbàgbé á wọlé, gbogbo ilé á ní ọjọ́ ogbó ni. Ẹ ò ní dá metformin dúró o, oògùn tó dáa ni. Àmọ́ ẹran pupa díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń jẹ yẹn wúlò fún wọn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, adìẹ náà ní B12 àmọ́ tiẹ̀ kéré gan-an sí ti àgùntàn.

Fítámì B1 ni ọ̀rẹ́ yín lè fi jàre. Ìyẹn ò le rárá, iná ń pa lára ẹ̀, omi sì ń fa lára ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń wá B1 lọ sínú ẹran àgùntàn? Ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ á fún wọn, èyí tó bọ́ sínú omi ẹran nínú ìkòkò náà, wọ́n á rí i tí wọ́n bá jẹ ọbẹ̀ yẹn. Torí náà àwọn tó máa ń bọ ẹran, tí wọ́n á da omi àkọ́kọ́ nù, tí wọ́n á ní ó ń rùn tàbí pé ó dọ̀tí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ìfóòfó tó bá wá sókè ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ fi ṣíbí kó o kúrò, ó tán.

Ọ̀rá wá ni wàhálà gidi inú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló yẹ kí ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rá àgùntàn, bíi ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì gbagidi tó bá ti tutù, irú ẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ṣọ́ra fún, torí ó ń gbé kolẹ́sítírọ́ọ̀lù búburú sókè nínú ẹ̀jẹ̀. 100g ejìká tí wọn ò yọ ọ̀rá ẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀ lè lé ní 20g dáadáa, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ó á wálẹ̀ sí bíi 15g, ojúgun tẹ́ ẹ bá yọ tiẹ̀ ò ju bíi 6g lọ. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wà gan-an láàárín ẹran kan náà. Tí màmá ò bá kọ̀ ọ́, ojúgun ni mo máa ra fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà, egungun inú ẹ̀ sì ń jẹ́ kí omi ẹ̀ ki dáadáa.

Sísè pẹ́ wá ní àǹfààní kan tí ẹran díndín ò ní: ọ̀rá á yọ́ jáde, ẹ sì lè mú un. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí, ẹ sè é lónìí, ẹ jẹ ẹ́ lọ́la. Kẹ́ ẹ tó gbé e kaná ẹ fi ọ̀bẹ gé àwọn ọ̀rá tó nípọn kúrò. Tó bá jinná tó sì ti tutù díẹ̀, ẹ bù ú sínú àwọn abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gbé e sí fíríìjì mọ́jú. Láàárọ̀ ẹ ṣí i, ẹ máa rí ọ̀rá tó ti dì funfun bo orí ẹ̀ látetí dé etí, tẹ́ ẹ bá ti ṣíbí bọ abẹ́ ẹ̀ á gbéra ní gígé ńláńlá, abẹ́ ẹ̀ ni omi ẹran wà tó ti di jẹ́lì, tẹ́ ẹ bá mi abọ́ á máa gbọ̀n. Jẹ́lì yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú, ọ̀rá yẹn ni kẹ́ ẹ kó sínú bébà dà sí bíìnì, ẹ má dà á sí sínìkì, á dí páìpù yín pa. Ohun míì tẹ́ ẹ máa kíyè sí ni pé òórùn àgùntàn tí àwọn ọmọ ń sá fún máa dín kù gan-an, torí inú ọ̀rá lèyí tó pọ̀ jù nínú òórùn yẹn ń gbé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí adùn ẹ̀ jinlẹ̀, ẹ fi òróró ṣíbí kan yí ẹran náà nínú ìkòkò gbígbóná kó pọ́n díẹ̀ kẹ́ ẹ tó da omi sí i. Adùn nìyẹn wà fún. Àwọn tó ń sọ pé ó ń ti omi ẹran pa sínú ẹran, irọ́ ni, ẹran tẹ́ ẹ dín àtèyí tẹ́ ẹ ò dín, omi tó máa jáde máa jáde. Kó pọ́n, kó má jóná o. Ẹran tí iná ẹ̀yinná bá jó dúdú, tàbí èyí tí wọ́n dín nínú òróró gbígbóná gan-an títí tó fi gan, máa ń ní àwọn èròjà kan tí wọ́n fura sí lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ẹran tó wà nínú omi ò lè gbóná débẹ̀, nítorí náà níbi ìyẹn, ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà sè é fún màmá ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ WHO ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó 5g, ṣíbí tíì kan tí ò kún dáadáa nìyẹn, fún gbogbo oúnjẹ ọjọ́ yẹn pátá, búrẹ́dì tí wọ́n jẹ láàárọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ wo ara páálí máàgí kúùbù, èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ iyọ̀. Aṣìṣe tí mò ń rí jù níbi ẹran tó ń pẹ́ lórí iná ni pé àwọn èèyàn ń fi iyọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣì pọ̀, wọ́n tọ́ ọ wò ó dùn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta omi ti fà wálẹ̀, iyọ̀ ò sì bá omi lọ, gbogbo ẹ̀ ti ṣù jọ sínú ìwọ̀nba tó kù. Ìparí ni kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí i, díẹ̀ ló sì máa tó. Àlùbọ́sà méjì tó tóbi, áyù, ata ilẹ̀, ata rodo, ewé efinrin tẹ́ ẹ bá rí, irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí, kẹ́ ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó bù ú, ahọ́n ò ní béèrè máàgí. Àwọn iyọ̀ tí wọ́n ní ó dín sodium kù, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, potassium ló wà nínú ẹ̀, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ò bá ìyẹn rẹ́, kíndìnrín tó bá ti ń ṣàìsàn náà ò fẹ́ ẹ, nítorí náà ẹ bi oníṣègùn wọn kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú kí ẹran lè tètè rọ̀. Káún máa ń rọ ẹran lóòótọ́, àmọ́ sodium ló pọ̀ nínú káún, bẹ́ ẹ bá fi í sí ìkòkò màmá, ẹ ti tún fi iyọ̀ míì sí i láì mọ̀, ó sì ń pa fítámì B1 yẹn sí i. Èyí tó burú jù ni paracetamol tí àwọn kan ń jù sínú ìkòkò, pàápàá àwọn tó ń se ẹran púpọ̀ tà. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa ẹ̀, tí oògùn yẹn bá hó pẹ̀lú ẹran ó lè di májèlé fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ẹ má dán an wò láé, ẹ má sì jẹun níbi tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Ewé ìbẹ́pẹ tàbí ìbẹ́pẹ dúdú tí àwọn ìyá àgbà ń lò dáa, ohun kan wà nínú oje ẹ̀ tó máa ń gé purotéènì wẹ́wẹ́, àmọ́ tí omi bá ti hó tán, iṣẹ́ ẹ̀ parí nìyẹn, nítorí náà ẹ fi pa ẹran tútù lára fún bíi ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó gbé e kaná.

Fún àwọn tó máa ka èyí nílé lásìkò Iléyá, ẹran tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Manchester. Ohun tí wọ́n ń tà fún yín níbẹ̀ bíi lamb, ọmọ àgùntàn tí ò tíì pé ọdún kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́lájìn ẹ̀ tètè ń yọ́. Àgbò Iléyá, ìbáà jẹ́ Balami tàbí Uda tàbí Yankasa tí wọ́n kó wá láti òkè Ọya, tó ti yọ ìwo tó ká kọ́ọ́rọ́kọ́, àgbà ni, kọ́lájìn inú ẹ̀ ti so mọ́ra kankan, wákàtí mẹ́ta lè má tó o. Ohun tó tún ń dá kún un ni pé wọ́n á dú u lẹ́yìn ìrun, ọ̀sán ò tíì pọ́n ó ti wà lórí iná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dú ẹran, ara ẹ̀ máa ń gan fún wákàtí mélòó kan kó tó tún dẹ̀, ẹran tó bá bọ́ sínú ìkòkò lásìkò tó gan yẹn máa yi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ àti ìfun ṣe ti ọjọ́ yẹn, àwọn ìyẹn ò fẹ́ dúró pẹ́ bákan náà, kẹ́ ẹ gbé ejìká, ọrùn àti itan sí fíríìjì títí di ọjọ́ kejì tí iná bá wà. Tí iná ò bá sí, ẹ sè é lọ́jọ́ náà, kí iná má pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀nà jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn ṣe é títí tó máa fi rọ̀.

Àwọn ìlú míì ti ń ṣe irú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní Marrakesh ní ilẹ̀ Morocco, ìkòkò amọ̀ kan wà tó ga, tó ní ọrùn, tanjia ni wọ́n ń pe òun àti oúnjẹ inú ẹ̀, wọ́n á kó ẹran àgùntàn tàbí ti màlúù sí i pẹ̀lú áyù, kúmínì àti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi iyọ̀ tọ́jú, wọ́n á fi bébà di ẹnu ẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹni tó ń dáná fún ilé ìwẹ̀ ìgboro, á rì í sínú eérú gbígbóná, ó di wákàtí mélòó kan sí i kí wọ́n tó padà wá gbé e. Kò sí iná tó ń jó abẹ́ ẹ̀ rárá, eérú ni. Ní Wales tí ò jìnnà sí yín, cawl ni tiwọn, àgùntàn pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ òyìnbó àti àlùbọ́sà eléwé, ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ á sè é lónìí kí wọ́n tó jẹ ẹ́ lọ́la, wọ́n á kó ọ̀rá orí ẹ̀ kúrò. Ohun kan náà tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe ni wọ́n ń ṣe yẹn.

Ẹ má wá torí pé mo yìn ín máa fún màmá lójoojúmọ́ o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó bá ń jẹ ẹran pupa tó ju 90g lọ lójúmọ́ dín in kù sí 70g, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àìsàn jẹjẹrẹ náà ní kó má ju 350g sí 500g ẹran tó ti jinná lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, 100g lẹ́ẹ̀kan, ti tó wọn. Ọjọ́ yòókù kí wọ́n jẹ ẹja, ẹ̀wà, ẹyin, àti adìẹ tẹ́ ẹ béèrè yẹn, itan ẹ̀ náà á rọ̀ tẹ́ ẹ bá fi ọ̀nà yìí sè é. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní gout, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí oríkèé wú kó sì máa dunni, kí omi ẹran má pọ̀ fún wọn, torí èròjà tó ń dá a sílẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi yẹn. Tí dókítà bá sì ti sọ pé kíndìnrín wọn ti rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé iye purotéènì tí mo kọ sókè yìí, ẹni tó ń tọ́jú kíndìnrín wọn ló máa sọ iye tó yẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹran náà, torí ìkòkò ńlá wà lára ohun tó máa ń fa inú rírun. Kòkòrò kan wà tí ẹyin ẹ̀ kì í kú nínú omi híhó, tí ìkòkò ọbẹ̀ ńlá bá wá wà lórí sítóòfù títí ilẹ̀ fi mọ́, tó ń tutù díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń pa, tó máa ń pọ̀ sí i, ara àgbà ò sì lè gba inú rírun bíi tiwa. Ẹ má gbé odidi ìkòkò gbígbóná sí fíríìjì, àárín ẹ̀ ò ní tètè tutù. Ẹ bù ú sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí gbogbo ẹ̀ wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì tẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ láàárín ọjọ́ méjì kó wà nínú fíríìjì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó ọ̀rá ẹ̀, ẹ pín ìyókù sí ìwọ̀n tí màmá lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan, kí omi jẹ́lì díẹ̀ bo ẹran kó má baà gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e sí fírísà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e wá sí fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé e kaná títí àárín ẹ̀ á fi gbóná tí ooru á máa rú jáde, ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ nìkan, ẹ má máa gbóná odidi ẹ̀ lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá tún mú màmá lọ sọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ẹ sọ fún wọn pé metformin ni wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ sọ ọdún tí wọ́n ti ń lò ó, kẹ́ ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ B12, pàápàá tí ẹsẹ̀ wọn bá ti ń ta ṣìnṣìn.